Ẹsẹ̀ Tí Gbogbo Wọn Jọ Ń Tọ́jú

Bí o bá lọ gba aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù ìyá aránṣọ yìí, kò ní fi lé ọ lọ́wọ́ lásán. Á ní kí o wọ̀ ọ́ lójú òun, kí o dúró sáàárín ilé, á wá sọ pé, "Yípo kí n rí ẹ." Wàá sì yípo. O lè jẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá, o lè jẹ́ ìyàwó olówó, ìyẹn ò kàn án. Ẹ̀yìn aṣọ ló ń wò, níbi tí ẹni tó wọ̀ ọ́ ò lè fojú ara rẹ̀ rí. Bí ojú rírán kan bá ká kò, bó tilẹ̀ kéré bí ọmọ èèrà, á bọ́ ọ lára rẹ, á tú u, á ní kí o padà wá lọ́la. Ìdí nìyí tí àdúgbò fi sọ ọ́ ní Yípo-Kí-N-Rí-Ẹ. Àwọn tí kò ní àsìkò gé e kúrú, wọ́n ń pè é ní Màmá Yípo, òun náà sì ń jẹ́ ẹ tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ló ń lò, àwọn onírin wúwo ayé àtijọ́ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ nísàlẹ̀. Àwọn aránṣọ tí kò tó ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ orí ń lo oníná lójú pópó kan náà, maṣíìnì wọn á máa sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Màmá ò gbà. Ó ní ẹ̀rọ tí kò bá gbọ́ràn sí ẹsẹ̀ lẹ́nu, wèrè ni. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀: bó bá dé ọrùn aṣọ, á rọra, bó bá dé etí ṣòkòtò, á kì í mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ yẹn ló fi tọ́ ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, lẹ́yìn tí baba ọmọ náà kú ní rèwerèwe. Òun ló fi rán aṣọ ilé ìwé ọmọ yẹn, òun ló fi rán aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀. Bí wọ́n bá bi í pé ìgbà wo ló máa sinmi, á ní òun ń sinmi lọ́wọ́, ṣebí òun jókòó.

Àtọ̀gbẹ wá wọlé sí i lára. Àìsàn burúkú ni, kì í pariwo, ó ń jẹ èèyàn bí ikán ṣe ń jẹ igi òrùlé, ìta á ṣì máa dán. Ilé ìwòsàn kékeré kan wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, ibẹ̀ ni Màmá ń lọ. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀, obìnrin tó sanra, tẹ́nu rẹ̀ mú, tí kò ní sùúrù kankan fún ẹni tó bá ń purọ́ nípa ṣúgà. Yàrá kótópó tó wà lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí, ni wọ́n fún un. Ohun tó wà níbẹ̀ ò ju àga méjì, tọ́ọ̀ṣì kan, àti bàsíà tétí rẹ̀ ti kán.

"Ẹ bọ́ bàtà, Màmá."

"Ẹ káàárọ̀ dà? Àbí bàtà mi lo wá kí?"

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ bọ́ bàtà."

Nọ́ọ̀sì á bu omi, á kúnlẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ Màmá lé itan ara rẹ̀, á fọ̀ ọ́, á nù ún, á máa ya ọmọ ìka kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, á fi tọ́ọ̀ṣì tan àtẹ́lẹsẹ̀ bí ẹni tí owó ẹyọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ti ń wò ó ni wọ́n á máa ta ara wọn lẹ́nu. Màmá á ní kó má fọ àwọ̀ òun bó. Nọ́ọ̀sì á ní àwọ̀ tí ẹ fi búrẹ́dì olóyin pa lára yìí, ṣé òun ni ẹ ń kẹ́? Bí wọ́n ṣe fẹ́ràn ara wọn nìyẹn.

Ọjọ́ kan wà tí Nọ́ọ̀sì fa ẹsẹ̀ náà mọ́ra lójijì. Ó fi èékánná fa nǹkan yọ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ náà, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni, èyí tí Màmá fi ń de aṣọ mọ́lẹ̀ kó tó rán an. Ó ti wọlé tán, orí rẹ̀ nìkan ló yọ síta.

"Màmá, ẹ ò mọ̀ ọ́n lára?"

"Mi ò mọ nǹkan kan o."

"Ẹsẹ̀ yín ti yadi. Bí nǹkan bá ń jẹ ẹ́, kò ní sọ fún yín mọ́. Ojú nìkan ló kù tí a fi lè mọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ máa ránṣọ lọ, ẹ máa wò ó lójoojúmọ́."

"Báwo ni mo ṣe máa wo abẹ́ ẹsẹ̀ ara mi pẹ̀lú ikùn yìí? Ṣé kí n dà á délẹ̀ ni?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Èmi á máa bá yín wò ó."

Ọmọ Màmá, tó ń ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, gbọ́ ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ yìí, ó sì bẹ ìyá rẹ̀ pé kó jẹ́ kí òun náà máa wò ó nílé. Màmá ní ta ni ọmọ tí òun bí tó máa gbé òun lẹ́sẹ̀ bí ẹni fẹ́ ra ẹṣin. Nọ́ọ̀sì nìkan ló fún láyè. Láti ìgbà náà, kò sí ìgbà tó lọ sí ilé ìwòsàn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wọ bàsíà.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé dókítà tuntun wá. Ká má purọ́ mọ́ ọn, èèyàn dáadáa ni. Kó tó dé, kálukú ló ń dá ṣe tiẹ̀. Ẹni tó wà níjòókòó dókítà á kọ oògùn láìgbójú sókè, apòògùn á kó o lé ọ lọ́wọ́ láti ojú fèrèsé, nọ́ọ̀sì á máa bínú nínú yàrá kótópó rẹ̀. Aláìsàn ló ń ru ọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà kan dé òmíràn, bó bá gbàgbé ìdajì rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó tán nìyẹn. Dókítà tuntun kó gbogbo wọn jọ, ó ní ọ̀rọ̀ yìí ò lè máa lọ báyìí. Ó ní kí àìsàn tó wó èèyàn lulẹ̀ ni ó yẹ ká ti pàdé rẹ̀ lọ́nà. Ó ní ẹnì kan ò lè dá a ṣe, ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Aláìsàn ni kó wà láàárín, kí àwọn yí i ká. Ó ní kí wọ́n kọ "Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà" sára ògiri yàrá ńlá, wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ aláìsàn-láàárín yẹn sì wọ̀ wọ́n létí tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n gbé àga kan sáàárín yàrá ní tòótọ́, tí wọ́n to tiwọn yí i po.

Màmá Yípo wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jókòó lórí àga náà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni apòògùn rí i pé oògùn méjì tó ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru tó bá àtọ̀gbẹ náà rìn, èyí tí wọ́n fún un níbí àti èyí tó gbà ní ọsibítù ńlá, ọ̀kan náà ni wọ́n, orúkọ ló yàtọ̀. Abájọ tí òòyì fi ń kọ́ ọ nídìí maṣíìnì. Wọ́n yọ ọ̀kan, òòyì lọ. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tó jẹ́ onímọ̀ oúnjẹ, kò ka èèwọ̀ fún un bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, ó kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó ń jẹ àti ìgbà tó ń jẹ ẹ́. Dókítà alára wá tẹ̀ síwájú, ó ní, "Màmá, kí ni ẹ̀yin fúnra yín fẹ́ ká bá yín ṣe?"

Kò sẹ́ni tó bi í bẹ́ẹ̀ rí láyé. Ó ní, "Mo fẹ́ máa tẹ maṣíìnì mi títí Ọlọ́run á fi pè mí."

Dókítà kọ ọ́ sójú pátákó funfun tó wà lógiri: Màmá fẹ́ máa ránṣọ. Màmá fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Nígbà tó délé, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun ti rí àwọn tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, òótọ́ ló sì sọ, ibi tó wá dùn mí sí nìyẹn. Bó bá jẹ́ òpònú ni wọ́n, ìtàn yìí ì bá rọrùn láti sọ.

Wọ́n pín iṣẹ́ ara rẹ̀ láàárín ara wọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ti dókítà. Oògùn, ti apòògùn. Oúnjẹ, ti onímọ̀ oúnjẹ. Nígbà tó kan ẹsẹ̀, Nọ́ọ̀sì nawọ́, ó ní, "Ọwọ́ mi ló wà."

"Rárá o, Nọ́ọ̀sì," ni dókítà wí. "Iṣẹ́ yín ti pọ̀ jù. Gbogbo èèyàn ni ẹ̀ ń tọ́jú, ta ló ń tọ́jú yín? Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ẹsẹ̀ wà ní ọsibítù ńlá, wọ́n ti ní ó máa dara pọ̀ mọ́ wa. Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ fún oníṣẹ́."

Inú Nọ́ọ̀sì dùn. Láti ọdún tó ti ń kúnlẹ̀ nídìí bàsíà, kò sí dókítà tó sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù. Wọ́n fún un ní tábìlì níwájú, wọ́n ní kó máa wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, kó sì máa pe àwọn tí kò bá wá lórí fóònù. Yàrá kótópó di ibi tí wọ́n ń kó páálí òfìfo sí.

Dókítà ẹlẹ́sẹ̀ kò dé. Ọ̀sẹ̀ yìí, wọ́n á ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á ní ìwé ló kù. Màmá a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tí ẹsẹ̀ tirẹ̀ ò lè gbé e dé ibí, irú ẹsẹ̀ wo ló fẹ́ wò? Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì kọjá sórí nǹkan mìíràn.

Àmọ́ wọn kì í gbàgbé ẹsẹ̀ o. Kò sí ìpàdé kan tí wọn kì í béèrè rẹ̀. Bí wọ́n bá ti yanjú oògùn àti oúnjẹ, dókítà á fi ọ̀wọ̀ bẹ̀rẹ̀ síwájú díẹ̀, á ní, "Màmá, ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"A dúpẹ́," ni Màmá máa ń dáhùn.

Kí ni ì bá tún sọ? Ta ni wọ́n máa bi pé ilé ńkọ́, tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í ka ihò orí páànù fún wọn? Bí èèyàn bá béèrè nǹkan ẹni pẹ̀lú ẹ̀rín, a ó dúpẹ́ ni, bí ilé tilẹ̀ ń jó. Màmá rò pé wọ́n ń kí òun ni. Dókítà rò pé òun ti yẹ̀ ẹ́ wò. Apòògùn gbọ́ pé dókítà béèrè, ọkàn tirẹ̀ balẹ̀. Dókítà rí i pé Nọ́ọ̀sì, tó mọ ẹsẹ̀ yẹn ju ẹnikẹ́ni lọ, jókòó síbẹ̀ tí kò wí nǹkan kan, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní tirẹ̀ rò pé bóyá Màmá ti ń rí dókítà ẹlẹ́sẹ̀ lọ́hùn-ún nígbà tó bá lọ gba oògùn ní ọsibítù ńlá. Wọ́n jọ fi ọkàn balẹ̀, ìyẹn náà wá di iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe.

Ọ̀rọ̀ bàtà tún wà níbẹ̀. Nígbà ayé bàsíà, sálúbàtà ni Màmá ń wọ̀ lọ, nítorí ó mọ̀ pé òun máa bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í fi sálúbàtà jókòó sáàárín àwọn dókítà, kí gbogbo wọn kọjú síni bí ìyàwó tuntun. Ó lọ yọ bàtà dúdú tó wọ̀ níjọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ jáde, èyí tó bo ọmọ ìka pátá, ó fi ìbọ̀sẹ̀ sí i. Bàtà yẹn ti fún un láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Ẹsẹ̀ tó ń mọ nǹkan lára ì bá ti pariwo. Èyí kò sọ̀rọ̀. Bó ti ń wọ̀ ọ́ lọ wọ̀ ọ́ bọ̀ ni bàtà ń ha ìka kékeré ẹsẹ̀ ọ̀tún, díẹ̀ díẹ̀, ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá pè é láti wá gba ìtọ́jú.

Ọjọ́ kan, ó dé láti ìpàdé, ó fẹ́ bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ kọ̀. Ó fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ rin ín kó tó bọ́. Nǹkan aláwọ̀ ìyeyè kan ti gbẹ mọ́ ọn, òórùn rẹ̀ kò sì dára. Kò dun ún rárá. Ó fi àjákù aṣọ funfun wé ìka náà, ó wé e dáadáa bí aránṣọ ti í wé nǹkan, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé òun á fi han Nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ ìpàdé, torí kò ní pẹ́ dé.

Ọjọ́ ìpàdé pé, ó bá wọn nínú pọ̀pọ̀ṣìnṣìn. Àwọn ọ̀gá láti òkè ń bọ̀ wá wo bí wọ́n ṣe ń jọ ṣiṣẹ́. Wọ́n ti nu fèrèsé, wọ́n ti kun ọ̀rọ̀ ara ògiri ní ọ̀tun. Nọ́ọ̀sì sáré pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó tún ọrùn aṣọ rẹ̀ tò.

"Màmá mi, ẹ̀yin la fẹ́ fi yangàn lónìí o! Ẹ wo bí ẹ ṣe gún!"

"Nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá ọ sọ."

"Ẹ fi pamọ́ fún mi, kí àwọn èèyàn yìí kọ́kọ́ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, Màmá mi."

Ó lọ jókòó sórí àga àárín. Àwọn àlejò pọ̀, ọkùnrin ló pọ̀jù nínú wọn, wọ́n wọ kóòtù, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i. Láti ilé ló ti da lọ́fínńdà sínú bàtà, síbẹ̀ ó ń gbóòórùn ara rẹ̀, tàbí ó rò pé òun ń gbọ́ ọ. Ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún pamọ́ sẹ́yìn ti òsì. Dókítà ṣàlàyé bí wọ́n ṣe rí oògùn méjì yẹn, àwọn àlejò mi orí. Ó ka ohun tó wà lójú pátákó, pé Màmá fẹ́ máa ránṣọ, obìnrin kan láàárín àwọn àlejò ní ó mà wú òun lórí o. Lẹ́yìn náà ni dókítà bẹ̀rẹ̀ síwájú.

"Màmá, ẹsẹ̀ ńkọ́?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ó wà lẹ́nu rẹ̀, ó mú un dání. Ó wo Nọ́ọ̀sì, tójú rẹ̀ ń dán bíi ti ìyá tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ gba ẹ̀bùn níwájú àwọn èèyàn. Báwo ni yóò ṣe bọ́ bàtà níwájú gbogbo kóòtù wọ̀nyí, kí ilé kún fún òórùn, kó sì dójú ti àwọn ọmọ tó sọ òun dèèyàn? Bó bá jẹ́ inú yàrá kótópó ni, ì bá ti gbé e lé itan rẹ̀.

"A dúpẹ́," ni Màmá wí.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n ya fọ́tò. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta lẹ́yìn náà, ó ń dúró de Nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì ń gbé ohun mímu fún àwọn àlejò, ó ń kọjá lọ, ó ń kọjá bọ̀, ó ń juwọ́ sí i pé òun ń bọ̀. Nígbà tí Màmá rí i pé àlejò ò ní lọ bọ̀rọ̀, ó dìde, ó rin ìrìn rẹ̀ lọ sílé.

Kò pẹ́ sí i ni ọmọ rẹ̀ yà sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fún imú pọ̀.

"Màmá, òórùn kí nìyí?"

"Ó jọ pé eku ló kú síbì kan," ni ìyá rẹ̀ fèsì. Ó ń rán ẹ̀wù lọ, kò gbójú sókè.

Ọmọ náà gbá abẹ́ tábìlì, ó gbé àwọn ìdì aṣọ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbọn wọ́n, ó wo ẹ̀yìn àpótí. Kò rí eku. Òórùn náà ń le sí i bó ti ń sún mọ́ maṣíìnì. Ó wá kúnlẹ̀, ó ki orí bọ abẹ́ maṣíìnì láti wò, ojú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ tó ń tẹ irin lọ sókè sísàlẹ̀. Ó dúró síbẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Ẹsẹ̀ náà kò sì dúró, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ.

"Màmá, ẹ dúró ná."

Ó bọ́ bàtà, ó tú àjákù aṣọ. Ìka kékeré ti dúdú, dúdú náà sì ti gun ẹ̀yìn ẹsẹ̀ bọ̀. Ó figbe ta. Màmá ń wò ó láti òkè bí ẹni ń wo ẹsẹ̀ ẹlòmíràn, ó ń sọ pé kò dun òun, kó má pariwo, kò dun òun.

Ní ọsibítù ńlá, dókítà ọ̀dọ́ kan wò ó, ó mí kanlẹ̀, ó bi í pé ta ló ń tọ́jú rẹ̀ láti ọjọ́ yìí.

"Gbogbo wọn ni," ni Màmá wí.

"Ta ló wo ẹsẹ̀ yìí kẹ́yìn?"

Bàsíà tétí rẹ̀ ti kán ni Màmá rántí. Ibẹ̀ náà ló ti wá fojú kan dókítà ẹlẹ́sẹ̀ níkẹyìn, ọkùnrin kúkúrú kan tó níwà pẹ̀lẹ́. Ó ní lóòótọ́ ni wọ́n kọ̀wé pe òun, òun sì fèsì pé kí wọ́n sọ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kí òun máa wá, ẹnikẹ́ni ò dá òun lóhùn. Ó jọ pé kálukú rò pé ẹlòmíràn ti dá a lóhùn. Òun ló sọ fún un pé gígé ni, nísàlẹ̀ orúnkún, kí ó má bàa gòkè. Màmá bi ọmọ rẹ̀ pé, "Ṣé èyí tí mo fi ń tẹ maṣíìnì ni?" Ọmọ náà ní òun ni. Màmá kọjú sí ògiri.

Bí wọ́n ṣe gé e nìyẹn. Ó délé, ó gbìyànjú láti fi ẹsẹ̀ òsì nìkan rán nǹkan. Òwú ń já, aṣọ ń lọ́. Ó tú u, ó tún un rán, ó tún tú u. Ọmọ rẹ̀ ní òun á wá ẹni tó máa fi mọ́tò iná sí i. Màmá tún gbé ẹsẹ̀ òsì lé irin. Ìbínú ló kún inú rẹ̀, ìbínú tí kò rí ojú ọ̀nà jáde. Lálẹ́ á dùbúlẹ̀, á fẹ́ gbé ẹnì kan ṣépè. Bó bá kọjú sí dókítà, á rántí pé ẹni yẹn ló béèrè ohun tó wu òun láyé. Bó bá kọjú sí apòògùn, á rántí òòyì tó lọ. Bó bá kan Nọ́ọ̀sì, á rántí pé wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Á wá bínú sí ara rẹ̀ pé òun ló ní a dúpẹ́. Ìyẹn náà ò sì tó. Àwọn èèyàn ilé ìwòsàn ti wá kí i, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n gbé èso wá, wọ́n sunkún. Kò rí ẹnì kan nínú wọn bá sọ̀rọ̀ lóun nìkan.

Nígbà tí wọ́n ní kó wá sí ìpàdé, ọmọ rẹ̀ fárígá pé wọn ò lọ. Màmá ní àwọn ń lọ, òun ní ìbéèrè kan.

Àga onítáyà ló gbé e wọlé. Àga rẹ̀ kò gba àárín mọ́, wọ́n ní láti ti tiwọn sẹ́yìn. Dókítà ti rù, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní ohun tó ṣẹlẹ̀ dun àwọn dé egungun. Ó ní àwọn ti jókòó lórí rẹ̀, àwọn ti rí ibi tí okùn ti já, ẹsẹ̀ kan kò ní kọjá mọ́ láìjẹ́ pé wọ́n bọ́ bàtà wò ó. Ó tún ní ká dúpẹ́ pé ẹ̀mí kò lọ, nítorí bí kì í bá ṣe ti oògùn tí wọ́n ti tún ṣe àti ṣúgà tó ti wálẹ̀ díẹ̀, ara Màmá ì bá má lè gba iṣẹ́ abẹ náà. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Òótọ́ yẹn gan-an ló ń bí ọmọ Màmá nínú níbi tó dúró sí.

"Mo gbọ́," ni Màmá wí. "Ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n béèrè nǹkan kan. Nínú yín, ta ni ẹsẹ̀ mi wà lọ́wọ́ rẹ̀?"

Wọ́n wo ara wọn.

"Gbogbo wa ni, Màmá," ni dókítà wí.

"Mi ò bi gbogbo yín. Ẹnì kan ni mò ń bi."

Apòògùn ń wo ìka ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ẹ má bẹ̀rù mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Mi ò gbé ẹjọ́ wá. Mo ti gbìyànjú kí n bínú sí yín, mi ò rí ẹni tí màá bínú sí. Mo ní ó dáa, kí n dárí jì yín, mi ò tún rí ẹni tí màá dárí jì. Èèyàn ò lè dárí ji yàrá. Ẹ fún mi ní ẹnì kan péré, kó sọ pé, 'Màmá, èmi ni.' Ẹnikẹ́ni. Mo búra fún yín, màá dárí jì í lójú ẹsẹ̀ níbí, màá sì lọ sùn."

Nọ́ọ̀sì dìde. Omi ti dé ojú rẹ̀. "Màmá mi," ló wí, "èmi..."

Dókítà gbé ọwọ́ lé e léjìká, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń dáàbò bò ó. "Rárá, Nọ́ọ̀sì. Ẹ má ṣe ìyẹn sí ara yín. Níbí, a kì í di ẹ̀bi ru ẹnì kan. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀, gbogbo wa la jọ ni ín."

Màmá kò wo dókítà. Nọ́ọ̀sì ló ń wò, ó na ọwọ́ sí i díẹ̀ láti orí àga rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kù kò ju ẹyọ kan lọ. Nọ́ọ̀sì wo ọwọ́ tó wà léjìká rẹ̀, ó wo àwọn yòókù tí wọ́n ń fi orí sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni, kó jókòó. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó jókòó.

"Gbogbo wa ni, Màmá," ló wí.

Màmá fa ọwọ́ rẹ̀ padà sórí itan. Ó ní kí ọmọ òun yí àga náà padà, kí wọ́n máa lọ sílé. Títí tí wọ́n fi dé ojú títì ló ń gbọ́ wọn lẹ́yìn tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́, gbogbo wọn lápapọ̀.